Ọkọ, Aya àti Ìtàgé: Bí Ilé Ṣe Di Ẹgbẹ́ Òṣèré ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìtàn kan wà tí kì í sú àwọn tí ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n, níbi yòówù kí wọ́n wà láyé. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ju èyí tí yóò san owó ilé lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò sí níbi iṣẹ́ náà, orí ìtàgé ni ó wà. Wọ́n fẹ́ kọrin, wọ́n fẹ́ jó, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ wọn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀ràn ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni àwa tí a ń wò wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1951. I Love Lucy ni orúkọ rẹ̀. Ricky, ọmọ Cuba, jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin kan. Lucy aya rẹ̀ kò fẹ́ ju pé kí òun náà gun orí ìtàgé lọ, ọkọ rẹ̀ kò sì fẹ́ ju pé kí ó jókòó sílé. Lucille Ball àti Desi Arnaz tí wọ́n ṣe eré náà, tọkọtaya ni wọ́n ní tòótọ́ nígbà náà. A ó tún padà sọ́dọ̀ wọn, nítorí ọgbọ́n kan tí wọ́n dá nípa owó.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ayé ni àwọn òṣèré wa ti fi ìtàn yìí gbé kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti fi í ṣe eré. Ọlọ́pàá kan fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí eré. Olùkọ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wolé-wolé fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé gìtá. Aya wọn sì bá wọn lọ. Ohun tí a fẹ́ tọpa rẹ̀ nínú àròkọ yìí ni ipò aya náà: pé ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká tí a fi ń yangàn ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ọdún 1945 títí di ìgbà tí fíìmù gba ipò rẹ̀, ilé àti ìgbéyàwó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti pé iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ṣe nínú ilé náà ni a fi orúkọ ọkọ bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kan àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé Faransé ń pè ní Savè. Ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fà láàárín ara wọn ní ọdún 1889 pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì, ó sì fi wá sí apá kan, ó fi Ṣakí àti Ọ̀yọ́ sí apá kejì. Láti ọjọ́ náà ni ètí wa ti di méjì. Ẹni tí ó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní ìlú wa lónìí lè gbọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ nínú fíìmù kan, kí ó sì gbọ́ Faransé Abidjan nínú eré tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wa mọ àwọn òṣèré ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa kò kọ́ wọn bí eré tí ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé orí ilẹ̀ àwọn baba wa gan-an ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ eégún aláré. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-ilé, ìlú tí ìwé rẹ̀ pè ní Katunga. Ọba ní kí àwọn eégún aláré ṣeré fún un. Ó rí i bí àwọn kan ṣe ń jó nínú àpò, ó rí i bí erè ńlá kan ṣe jáde nínú àpò náà, nígbà tí ó sì di ìdá kẹta eré, òyìnbó ni ó jáde: ara funfun, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ rẹ́rìn-ín, Clapperton sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó bá ń rò pé tẹlifíṣọ̀n ni ó kọ́ Yorùbá ní àwàdà, kí wọ́n rántí ọdún yẹn.

Ohun tí Clapperton kò kọ sílẹ̀ ni bí ẹgbẹ́ eégún aláré ṣe ń gbé. Ilé kan ni. Baba ni ọ̀gá, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n ń wọ agọ̀, àwọn aya àti àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń sun ìwì, tí wọ́n ń gbe orin, tí wọ́n ń ki àwọn ènìyàn kí owó lè jáde nínú àpò wọn. Obìnrin kì í wọ eégún, ṣùgbọ́n bí ohùn obìnrin kò bá sí, eré kò lè dùn. Tí òjò bá dá, ilé náà yóò di ẹrù, yóò gba ìlú dé ìlú. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn eré wọn, wọn kò sì fẹ́ràn pé kí ọmọ tiwọn bá wọn lọ. “Alágbe” ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ “alárìnjó” gan-an, èébú ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di orúkọ iṣẹ́. Ẹ fi ọkàn sí èébú yìí, nítorí òun ni ó bí ohun tí a fẹ́ sọ.

Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a bí ní ọdún 1916. Ó ṣe olùkọ́, lẹ́yìn náà ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ó ṣì wà nínú aṣọ ọlọ́pàá, ó ṣe eré kan fún ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní Èkó, ní Glover Memorial Hall, èyí tí ó pè ní The Garden of Eden and the Throne of God. Èrò kún gbọ̀ngàn náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ọdún 1945: owó oṣù ìjọba, tí ẹbí ń fi ọlá rẹ̀ kí ara wọn, ni ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún jù sílẹ̀ láti di ohun tí gbogbo ayé ń pè ní alágbe.

Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní African Music Research Party. Orúkọ náà ga, ó sì dájú pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ga ni. Àwọn eré rẹ̀ ìgbà náà kò sì jẹ́ eré ọmọdé: Strike and Hunger sọ ti ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945, ìjọba sì fòfin dè é ní Jos. Ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ kì í ṣe ìjọba. Obìnrin ni. Bàbá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa sùn nínú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, láti ìlú dé ìlú, kí ó sì máa jó níwájú ẹni tí ó san owó? Nígbà tí Ògúndé gbé Tiger’s Empire jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1946, ó ní àwọn obìnrin tí ń gba owó fún iṣẹ́ wọn lórí ìtàgé, ohun tí kò sí irú rẹ̀ rí nínú eré òde òní nílẹ̀ Nàìjíríà. Kò sí bí ó ṣe lè dá wọn dúró pẹ́ títí, àyàfi ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn òbí kò lè bá a jà lé lórí. Ó fẹ́ wọn.

Àwọn kan ń fi ọ̀ràn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ìfẹ́ obìnrin ni ó mú un. Àwa kò rò pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Aya Ògúndé lé ní mẹ́wàá kí ó tó kú, òṣèré sì ni wọ́n. Ìdáná tí ó ṣe lórí wọn sọ ohun tí àwùjọ ń pè ní ìṣekúṣe di ìdílé. Ọmọbìnrin tí ń jó lórí ìtàgé lè jẹ́ ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tí ń bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ta ni yóò bú u? Ọgbọ́n ni, ó sì ṣiṣẹ́. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1980, ẹgbẹ́ alárìnká tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún, bí o bá sì wo inú púpọ̀ nínú wọn, ìwọ yóò rí ọ̀gá, ìyàwó ọ̀gá, àwọn orogún rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ìdíyelé tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù; ìyàwó ń gba owó oúnjẹ. Aya ọ̀gá ni ó ń rán aṣọ eré, òun ni ó ń se oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́, òun ni ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti gba owó ìwọlé nítorí ọkọ rẹ̀ kò fọkàn tán ẹlòmíràn, òun kan náà ni yóò sì sáré wọlé láti fi àtíkè pa ojú kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Tí ó bá di ọjọ́ ìpín owó, ilé ni owó náà ń lọ, baálé sì ni ilé. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà lára ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà.

Nínú àwọn aya Ògúndé, Adéṣẹ̀wà Clementina ni àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1947, wọ́n jọ lọ sí London láti wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe eré, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí eré tiwọn yóò gbà dé ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ijó ẹsẹ̀ òyìnbó, wọ́n sì padà wálé. Ẹ wo tọkọtaya náà pẹ̀lú ojú inú: ọlọ́pàá àná àti aya rẹ̀, nínú òtútù London lẹ́yìn ogun, tí wọ́n ń wá òkìkí. Kò sí òǹkọ̀wé eré àwàdà tí ó lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ó lé ní ogún ọdún tí Adéṣẹ̀wà fi jẹ́ ìyálé lórí ìtàgé àti nínú ilé. Ní ọdún 1970, ẹgbẹ́ náà ń lọ ṣeré. Jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni ó kú sí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì ni wọ́n fi sọ èyí.

Ní ìhà tiwa, lábẹ́ àwọn Faransé, eré òde òní gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wé ara wọn. Ní ọdún 1933, àwọn ọmọ Dahomey tí wọ́n wà ní École William-Ponty, ní erékùṣù Gorée ní Senegal, ṣe eré kan nípa ìpàdé ìkẹyìn láàárín Béhanzin àti Bayol. Ní 1937, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà gbé Sokamé lọ sí Paris, wọ́n sì ṣe é ní Théâtre des Champs-Élysées. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin ni, kò sì sí ẹni tí ó ń retí láti fi í jẹun: bí wọ́n bá ti jáde, iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ olùkọ́ ń dúró dè wọ́n. Òṣèré Ponty ń kúrò lórí ìtàgé lọ sí ibi iṣẹ́ ìjọba. Ògúndé kúrò níbi iṣẹ́ ìjọba wá sórí ìtàgé. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí a fi ní àwọn òǹkọ̀wé eré ní ìhà wa kí a tó ní àwọn ìdílé òṣèré.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ tuntun ni, kò ní eré, ebi ohun tí yóò fi kún wákàtí sì ń pa á. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnká wà nítòsí, iná wọn ń jó. Bí ọ̀bẹ ṣe bá iṣu pàdé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò rí ohun tí gbọ̀ngàn ń rí. Kò sí àyè fún ogún oníjó. Yàrá kan, àga mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan, ìdajì wákàtí: ohun tí ó bọ́ sínú rẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ ilé, ọkọ àti aya, ayálégbé àti onílé, gbèsè àti àlejò tí kò fẹ́ lọ. Àwọn òṣèré wa kì í sì í kọ eré wọn sílẹ̀ lódindi. Ọ̀gá yóò sọ bí ìtàn náà ṣe lọ, oníkálukú yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Tọkọtaya tí wọ́n ti jọ ń jà ní tòótọ́ láti àárọ̀ kò nílò ìwé láti jà níwájú kámẹ́rà. Bí eré ìdílé, tí ó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn kan náà, ṣe wọ èdè Yorùbá nìyẹn. Dúró Ládiípọ̀ ṣe Bódé Wáàsinmi. Oyin Adéjọbí ṣe Kóòtù Aṣípa, aya rẹ̀ Grace, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Òṣogbo, sì wà lára àwọn tí ojú wọn mọ́ àwọn òǹwòran lára jù lọ.

Èyí tí ó pa wá lẹ́rìn-ín jù lọ ni Aláwàdà ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀. Ọmọ Iléṣà ni, a bí i ní 1936. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe wolé-wolé, kí orin tó fà á lọ. Ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, Federal Rhythm Dandies, nínú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sunny Adé ti ta gìtá. Orin kò mú un dé ibi tí ó ń lọ, ó sì yà sí àwàdà. Kí ó tó dé, àwàdà jẹ́ ìpápánu láàárín eré ńlá. Òun ni ó sọ ọ́ di oúnjẹ gan-an. Bàbá Sàlá tí ó dá sílẹ̀, arúgbó ahun tí ń ṣe fáàrí, ni gbogbo wa mọ̀: jígí ojú tí kò ní gíláàsì, táì labalábá tí ó tóbi ju àyà lọ, aago ògiri tí ó so mọ́ ara bí ẹni tí ó so aago ọwọ́. Àwọn ìyàwó rẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́. Bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, yóò rí i pé ohun tí Bàbá Sàlá ń fi ṣeré ni àìsàn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an: aṣọ olówó lára ẹni tí kò lówó.

Kò lówó, a kò sì sọ ọ́ láti fi pa yín lẹ́rìn-ín. Níbí ni ọ̀rọ̀ Lucille Ball àti Desi Arnaz ti wúlò. Nígbà tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ CBS dúnàádúrà ní 1951, wọ́n gbà láti dín owó iṣẹ́ wọn kù, bí a bá fi fíìmù eré náà sílẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. Wọ́n fi orúkọ wọn méjèèjì pọ̀, wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà ní Desilu. A ń tún eré náà fi hàn títí di òní. Ìgbéyàwó wọn tú ká ní 1960, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kò tú ká.

Àwọn òṣèré Yorùbá kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Owó kékeré ni tẹlifíṣọ̀n ń san. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni òkìkí, kí èrò lè kún gbọ̀ngàn nígbà tí ọkọ̀ wọn bá dé ìlú. Téèpù wọ́n, nítorí náà wọ́n máa ń gba nǹkan mìíràn sórí èyí tí a ti lò. Púpọ̀ nínú ẹ̀rín àwọn ọdún náà ni ẹ̀rín mìíràn ti pa rẹ́. Àwọn tí wọ́n wo Aláwàdà nígbà ọmọdé lè sọ eré náà fún wa, wọn kò lè fi í hàn wá.

Nígbà tí Ọláìyá wá fẹ́ ní ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀, ó yá owó, ó sì fi ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru pẹ̀lú Ọlá Balógun. Ó jáde ní 1982. Fíìmù náà dùn, èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́. Kí ó tó gbé e káàkiri tán, àwọn olè ti dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á ní ìgboro. Gbèsè rẹ̀ wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò san tán kí ó tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ẹni tí ó bá ra ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì ní ìhà ọ̀hún tàbí ní ìhà ìhín ààlà, nínú ilé ẹlòmíràn ni ó ti jẹun, oúnjẹ tí àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ inú ilé náà sì ti bá wọn sè ni. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n a kò rí bí a ṣe lè sọ ọ́ kí ó rọ̀.

Àwọn obìnrin kan wà tí orúkọ wọn là á já. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá, aya Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá tí a ń pè ní I-Show Pepper, ni ó ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú fíìmù ọdún 1981, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń fi ojú rẹ̀ rántí Ìyálóde náà. Ìdòwú Philips bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Òṣùmàrè. Ọkọ kú, orúkọ ẹgbẹ́ náà sì bá a lọ, a kàn yí i sí Gẹ̀ẹ́sì ni: Ìyá Rainbow. Òun ni ó dé inú fíìmù àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó kọ́kọ́ wo eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ ṣàkíyèsí, opó ni ó jẹ́ nígbà tí orúkọ rẹ̀ wá tóbi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Akissi Delta fi dùn mọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni ó fi ń ṣeré. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Abidjan kí ó tó dé inú Comment ça va?, eré àwàdà Léonard Groguhet lórí tẹlifíṣọ̀n Côte d’Ivoire. Ní 2002, ó gbé Ma Famille tirẹ̀ jáde, eré ọkọ, aya, àna àti àlè, tí ó sì gba gbogbo ilé tí ń sọ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan, ilé tiwa náà pẹ̀lú. Òun ni ó dá a sílẹ̀, òun ni ó ń wá owó rẹ̀, òun sì ni ó ń ṣeré nínú rẹ̀. Ohun tí Adéṣẹ̀wà kò ní, ó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí, kò sì nílò ìwé ẹ̀rí kankan láti mọ̀ pé ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ òun.

Tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn ní ìparí ọdún 1978. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n dàgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́ kí ó tó di ìgbà náà, ojú lásán ni wọ́n fi wo eré: ní àgbàlá, lójú agbo eégún, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, lábẹ́ iná gáàsì. Àwọn àgbà wọ̀nyí ṣì wà láàárín wa, wọn kò sì ní wà títí. A bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, nígbà tí ẹ bá lọ sí Kílíbò, sí Kaboua, sí Okéówó tàbí sí àdúgbò yín ní ìsinmi, kí ẹ gbé tẹlifóònù yín kalẹ̀, kí ẹ tẹ ohun tí ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Ẹ má kàn béèrè orúkọ ọ̀gá eré. Ẹ béèrè ta ni ó gbe orin, ta ni ó rán aṣọ, ọmọ ta ni, ta ni ó fẹ́ ẹ, kí ni àwọn òbí rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n gbọ́, àti ta ni ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ẹgbẹ́ wa yóò tẹ ohun tí ẹ bá mú wá, ní Yorùbá àti ní Faransé, bí ẹni tí ó sọ ọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kan ni ó kù tí a fẹ́ dá. Dúró Ládiípọ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo ní 1962, ó sì gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún kejì. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ládiípọ̀ ni Ṣàngó. Abíọ́dún aya rẹ̀ ni a mọ̀ sí Ọya. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1978, Ládiípọ̀ kú. Àwọn ènìyàn rò pé eré náà ti bá a lọ, nítorí ta ni yóò tún ṣe Ṣàngó? Abíọ́dún kó ẹgbẹ́ náà jọ, ó wá Ṣàngó mìíràn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.